Ẹ Bá Mi Dá Aago Yìí Dúró

Ogójì dọ́là ni mo ra aago tó sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ ní Clear Lake. Mo tètè sọ iye rẹ̀ kí ẹ lè máa bá mi ṣírò àdánù bí ìtàn yìí bá ṣe ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Clear Lake, apá Houston tó kọjú sí Galveston àti òkun ni. Àwa Yorùbá kò pọ̀ níbẹ̀ bí a ṣe pọ̀ ní Bissonnet àti Alief, níbi tí ènìyàn ti lè ra èlùbọ́, kó gbọ́ ìròyìn ilé, kó sì pàdé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ní ìsọ̀ kan náà. NASA ló ni àdúgbò tiwa. Láti Johnson Space Center tó wà nítòsí wa ni wọ́n ti bá àwọn tó kọ́kọ́ tẹ òṣùpá sọ̀rọ̀ lóṣù keje ọdún 1969. Títì ńlá tó gba iwájú ibẹ̀ kọjá, NASA Parkway ló ń jẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V kan dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ilé gígùn tí wọ́n kọ́ lé e lórí, àwọn màlúù oníwo gbọọrọ sì ń jẹko lórí ilẹ̀ kan náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọn màlúù yẹn, mo ń fojú wá darandaran wọn títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu mọ́tò tó wà níwájú mi.

Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti máa fọ́nnu pé òun mọ ẹ̀rọ. Bàbá arúgbó tó ń mú ajá rìn kọjá níwájú ilé rẹ láàárọ̀ lè jẹ́ ẹni tó bá wọn ka ìṣẹ́jú-àáyá fún àwọn tó ń bọ̀ láti òkè ọ̀run. Mo mọ èyí. Mo sì fọ́nnu.

Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹjọ, oòrùn Houston ń ràn bí ẹni tó wá gba gbèsè. Nígbà tí àgbà bá kú ládùúgbò wa, àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á lẹ iye owó mọ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ń kọjá á yà wọlé. Ẹ̀rù máa ń bà mí níbẹ̀ nígbà kan. Nílé wa, ẹbí ló ń pín ẹrù òkú, wọ́n sì lè torí agbádá kan ṣoṣo yan ara wọn lódì fún ogún ọdún. Níhìn-ín, àjòjì á san dọ́là mẹ́wàá lórí àga tí olóògbé fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, ọmọ olóògbé á tún bá a gbé e dé ìdí mọ́tò.

Aago náà wà lára ògiri yàrá ìjẹun. Pákó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ojú rẹ̀ funfun, irin kan tó ní àwo idẹ lẹ́sẹ̀ sì ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn gíláàsì. Mo kàn ń wò ó ni. Ó lù. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mọ́.

Ẹ rò ó wò: nínú èdè wa, aago kì í ṣe ohun tí à ń wò, ohun tó ń lù ni. Aago mélòó ló lù? Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ, fóònù tí kò lu ohunkóhun láti ọjọ́ tó ti rà á, òun náà á ní aago mẹ́ta ti lù. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti agogo iléèwé la fi sọ aago lórúkọ, a kò sì gba ìlù kúrò lẹ́nu rẹ̀ di òní. Ọdún méjìlélógún ni mo ti lò ní Amẹ́ríkà, tí mo ń sọ pé aago ti lù, láìgbọ́ kí aago kankan lù nínú ilé mi.

Bàbá mi ní irú rẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí rédíò bá ti fẹ́ ka ìròyìn aago méje àárọ̀, wọ́n á ti dúró síwájú aago náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bí ọ̀gá ṣójà tó ń yẹ àwọn ọmọ ogun wò. Ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sẹ́nì kankan nílé, mo gun àga, mo ṣí gíláàsì, mo dá ọwọ́ aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, kí àkókò ìwé kíkà má baà tètè tó. Láti ọjọ́ náà ni aago bàbá mi ti ń lu mẹ́rin bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí mẹ́ta. Ìgbà ọyẹ́ ni. Bàbá mi wò ó yíká, wọ́n mi orí, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo àlejò pé, "Ọyẹ́ ló mú aago mi." N kò wí nǹkan kan. Títí wọ́n fi kú, ọyẹ́ ló jẹ̀bi.

Ìdí nìyí tí mo fi san ogójì dọ́là láìdúnàá-dúrà, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú.

Ihò kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà lójú aago náà. Ti àárín ni ti àkókò. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni ti orin tó ń kọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ọwọ́ òsì sì ni ti iye wákàtí tó ń lù. Orin náà ni ti Big Ben, tí àwọn tó ń gbọ́ BBC láyé ọjọ́un mọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Cambridge ló kọ́kọ́ ní in ní 1793, kí Westminster tó gbà á lò ní 1859. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá, ohùn mẹ́rin. Ní ààbọ̀, mẹ́jọ. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjìlá. Bí wákàtí bá pé, mẹ́rìndínlógún, kó tó wá lu iye wákàtí gan-an. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ogójì ohùn ní wákàtí kan. Ẹ fi ogójì yẹn sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀ lóru.

Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kì í lù lórí méjìlá. Ọwọ́ gígùn á ti kọjá méjìlá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, bí akọ̀wé ìjọba. Mo sọ fún ìyàwó mi pé n kò ní pẹ́ tún un ṣe.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Èmi tí mo dàgbà lábẹ́ aago!"

Ohun tí mo ṣe nìyí. Bó bá ti lù tán, màá fi ìka dá ọwọ́ gígùn padà sórí méjìlá. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi: ó lù, ọwọ́ wà lórí méjìlá, ọ̀rọ̀ parí. Wákàtí kejì pé, ó tún kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó lù. Mo tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe é lọ́jọ́ náà. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọwọ́ aago àti ìlù rẹ̀ jọ so mọ́ra wọn ni, pé bí mo bá ti fa ọ̀kan sẹ́yìn, èkejì á tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń lé òjìji ara rẹ̀ ni mí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ṣì wà níbẹ̀ pérépéré, aago mi sì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún rẹ̀yìn sí gbogbo ayé.

Mo wò ó, mo ní, aago yìí ń lọ́ra. Mo ti gbàgbé pé èmi ni mo fà á sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lábẹ́ àwo idẹ tó ń fì yẹn. Mo mọ̀ pé òun la fi ń mú aago yára tàbí kó lọ́ra. Ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyẹn. Mo wá ronú: ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá, ẹni tó ń gòkè ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nítorí náà, bí mo bá sọ àwo yẹn kalẹ̀, aago á yára. Àṣé láti ọdún 1656 tí Huygens, ará Holland, ti fi irin tó ń fì sínú aago ni ayé ti mọ̀ pé bí irin náà bá ṣe gùn tó ni ìfì rẹ̀ ń pẹ́ tó. Gbé àwo sókè, aago á yára. Sọ ọ́ kalẹ̀, á máa wọ́ bí ìgbín. Mo yí nọ́ọ̀tì náà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo tún fi méjì ṣe ènì.

Ẹ ó ní, ṣé n kò ní fóònù ni? Mo ní. Ṣùgbọ́n mo ti kéde nínú ilé pé láti òní lọ, aago ògiri ni a ó máa wò, bí a ti ń ṣe nílé bàbá mi. Àwọn ọmọ mi wo ara wọn. Wọ́n ń wo fóònù wọn lábẹ́ tábìlì.

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé kejì ṣe bá wa. Ìnáwó ìkómọ kan wà ní Bissonnet, aago mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n kọ sínú káàdì. Mo wo aago mi, mo ní a ṣì ní àkókò dáadáa, mo fara balẹ̀ wẹ̀, mo tún agbádá ṣe. Inú mọ́tò ni a ti rí i pé aago márùn-ún ti kọjá. Láti I-45 títí dé Beltway 8, ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń tún gèlè ṣe nínú dígí bí ẹni tó ń múra ìjà. Nígbà tí a wọ gbọ̀ngán, àwọn tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó ń to àga, ẹni tó ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí gbohùngbohùn, àti bàbá ọmọ tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun o! Ẹ tètè dé!"

Ibẹ̀ nìkan ni aago mi ti bá ìlú mu ní gbogbo Houston.

Òru ni a padà délé. Ìdùnnú àsè àti ìtìjú mọ́tò jọ wà nínú mi, mo ní n kò ní sùn láìtún aago yìí ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ gígùn síwájú. Ọkàn mi wà níbòmíràn, mo kọjá ibi tí mo ń lọ ní bí ogún ìṣẹ́jú. Kò sí wàhálà, mo gba rifáàsì. Bí mo ṣe ń dá a bọ̀ sẹ́yìn, mo rí i pé nǹkan kan ń dí i lọ́wọ́ nínú. Ẹni tó gbọ́n á dúró síbẹ̀. Mo fi agbára kún un. Nǹkan náà ní "kàù!", ọ̀nà sì là.

Aago bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó kọ ohùn mẹ́rin, ó kọ mẹ́jọ, ó kọ méjìlá, ó kọ mẹ́rìndínlógún, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́rin. Mo dúró kó parí. Kò parí. Àṣé apá kékeré tó ń sọ fún orin pé ó tó, òun ni mo tẹ̀.

Nísinsìnyí ni kí ẹ mú ogójì yẹn jáde. Aago tí à ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, sípíríǹgì rẹ̀ ń gba ọjọ́ mẹ́jọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo yí i kún dẹ́nu. Ogójì ohùn ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́rìnlélógún lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́jọ: 7,680 ohùn ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti pinnu pé òun ó kọ gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo gbé e kúrò lára ògiri, mo rò pé bí irin tó ń fì bá dúró, orin á dúró. Orin kò bá irin yẹn ṣe pọ̀, sípíríǹgì tirẹ̀ ló ń jẹ. Ọmọ mi obìnrin ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó wò mí, ó tì í padà. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé aago. Ó ń kọrin nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e lọ sí gáréèjì; gáréèjì gba orin náà, ó sọ ọ́ di ti kàtídírà. Mo ní kí n kúkú gbé e sínú mọ́tò níta. Ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán, ẹni a bí ire kì í rin òru, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni a bí ire ṣe bí aago bá ń kọ Big Ben lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago kan òru, tó wọ búbá agbádá lókè, tó wọ ṣòkòtò ìsùn nísàlẹ̀.

Ajá ilé kejì gbó. Iná tàn. Bàbá aládùúgbò wa jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, òyìnbó arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ òfurufú. Wọ́n tan iná sí mi lójú, wọ́n tàn án sí ẹrù tó ń kọrin ní àyà mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago ni."

Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ka ohùn díẹ̀ pẹ̀lú ìka, wọ́n wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá mo dá ọwọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Mo ní rárá. Wọ́n sọ fún mi pé ní oṣù kẹrin ọdún 1970, nígbà tí Apollo 13 bàjẹ́ lọ́nà, aago ọwọ́ ni wọ́n fi ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá tí wọ́n fi tan ẹ́ńjìnnì láti tún ọ̀nà wọn ṣe kí wọ́n lè padà délé láàyè. Mo rò pé ìtùnú ni wọ́n fi ṣe. Aago ń kọrin ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ìyàwó mi ló gbà mí. Ó jáde pẹ̀lú ìborùn àtijọ́ kan, kò bi mí léèrè ohunkóhun, ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó ki ìborùn sáàárín àwọn òòlù kéékèèké àti irin tí wọ́n ń lù. Ohùn pa. A ń gbọ́ kí àwọn òòlù náà máa lu aṣọ, pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, bí ẹni tó ń gún èlùbọ́ nílé kejì. Wọ́n gún un fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ru tèmi padà sí pálọ̀.

Ẹni tó ń tún aago ṣe tí mo gbé e lọ bá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi mí pé ta ló yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo ní bí mo ṣe rà á nìyẹn. Ó gbé awò sójú, ó fi ẹnu ẹ̀mú tọ́ka sí ọwọ́ gígùn: òróró wà níbẹ̀, òróró púpọ̀, ó sì ní àwọ̀ ata dídín. Ìkómọ náà ṣì wà ní ìka mi lóru ọjọ́ yẹn. Mo jẹ́wọ́. Ó tún apá tó tẹ̀ ṣe. Ní ti ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó yọ ọwọ́ gígùn kúrò, ó fi ẹ̀mú yí òrùka idẹ kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ díẹ̀, ó dá ọwọ́ padà sí ìdí rẹ̀. Ó lù lórí méjìlá gan-an. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan. Ó gba dọ́là 185.

Kí n tó jáde, ó kì mí nílọ̀: síwájú nìkan, kò sí ẹ̀yìn mọ́ láéláé, kí n sì dúró kó kọrin rẹ̀ tán níbi gbogbo tó bá ti yẹ kó kọrin. Mo ní mo ti gbọ́.

Ibi tí oṣù kọkànlá ti wá bá mi nìyí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kò mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ní Sunday kejì nínú oṣù kẹta, gbogbo Houston á sún aago síwájú ní wákàtí kan. Ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, wọ́n á dá a padà. Nàìjíríà kì í bá wọn ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wákàtí mẹ́fà la fi wà lẹ́yìn yín ní ìgbà ooru, tó bá di ìgbà òtútù, á di méje. Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá mi sì máa ń bi mí lórí fóònù, kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà, ni pé, "Àjàní, aago mélòó lù lọ́dọ̀ yín?" Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi ìka ṣírò rẹ̀ kí n tó dá wọn lóhùn.

Dídá aago padà ní wákàtí kan, ìyẹn gan-an ni mo ti búra pé n kò ní ṣe mọ́. Ọ̀nà méjì ló kù: kí n dá irin tó ń fì dúró fún wákàtí kan, kí n lọ jókòó, tàbí kí n yí ọwọ́ síwájú ní wákàtí mọ́kànlá.

Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ kúkú dá a dúró."

Mo ní iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn.

Alẹ́ Sátidé náà, bí aago mẹ́wàá ṣe lù tán ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo yí i dé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo dúró, ó kọrin. Mo yí i dé ààbọ̀, mo dúró, ó kọrin. Mọ́kànlá lù. Méjìlá lù. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ní mẹ́rin, apá ń ro mí. Mo ti gbọ́ ohùn orin 240 àti ìlù wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọmọ mi obìnrin sì ti bẹ̀ mí láti inú yàrá rẹ̀ pé kí n ṣàánú òun nítorí Ọlọ́run. Mo wo ọwọ́ kúkúrú tó wà lórí mẹ́rin. Mo wo mẹ́sàn-án, níbi tí mo ń lọ. Mo ní, kí ló dé tí mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé? Mo fi ìka ti ọwọ́ kúkúrú fúnra rẹ̀ láti orí mẹ́rin lọ sí orí mẹ́sàn-án. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní "kàù". Mo ní mo ti mọ aago nísinsìnyí.

Wákàtí tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ wà lórí mẹ́wàá. Ó lu márùn-ún.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí mo dúró tì í títí di mọ́kànlá. Ó lu mẹ́fà. Mo lọ sùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, à ń jẹun. Fóònù dún, ìyá mi ni. Kí n tó kí wọn tán, aago kọrin rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ọ̀kan ọ̀sán ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó ti pẹ́ jù. Mo gbọ́ kí wọ́n máa kà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: "…márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Àjàní, mẹ́jọ ló lù lọ́dọ̀ yín?"

"Ẹ má bínú mà, aago náà ti…"

"Mẹ́jọ ló lù níbí náà. Ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Ṣé ẹ ti wọ Nàìjíríà ni, tí ẹ kò sọ fún mi?" Ohùn wọn ti ń yí padà, wọ́n ti ń wá bàtà. Ó gbà mí ní àkókò kí n tó lè fi yé wọn pé Amẹ́ríkà ni a ṣì wà, pé aago ni kò mọ ibi tó wà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Àjàní."

"Mà."

"Ṣé o tún ti fọwọ́ kàn án?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, *tún* yẹn! Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n ní ta ni ó lè ṣe é nígbà yẹn bí kò bá ṣe èmi, tí àmì ẹsẹ̀ mi hàn gbangba lórí tìmùtìmù àga. Wọ́n ní bàbá mi rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kí ló dé tí wọ́n wá ń dá ọyẹ́ lẹ́bi? Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní bàbá mi ń dúró kí n wá sọ fún àwọn ni.

N kò lè jẹun mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo gba ilé bàbá aládùúgbò lọ, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ìṣẹ́jú mẹ́rin títí dé orí ọwọ́ kúkúrú, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n tẹ̀ lé mi wálé. Wọ́n wo aago, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọwọ́ kúkúrú, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ bọ ìdí rẹ̀ ni, a lè fi ìka sún un síbi tó bá wù wá. Inú ni ìlù ti ń wá, kò mọ ibi tí ọwọ́ ń tọ́ka sí. Bí ìlù àti ọwọ́ kò bá bá ara wọn mu, ọwọ́ ni kí n mú tẹ̀ lé ìlù. Mo ní, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí oníjó ṣe. Wọ́n nawọ́ sí ọwọ́ kúkúrú láti dá a padà fún mi.

Mo di ọwọ́ wọn mú.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní àwọn tó wà nínú International Space Station, tó ń yí ayé po lórí wa, aago Greenwich ni wọ́n ń lò, kò sì sẹ́ni tó sọ pé aago wọn bàjẹ́. Wọ́n wá fi ti òṣùpá kún un, torí a kì í bá wọn sọ̀rọ̀ kí òṣùpá má wọ̀ ọ́: bí mo bá gbé aago mi lọ síbẹ̀, níbi tí ìwúwo nǹkan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti ibí lọ, irin rẹ̀ á máa rọra fì débi pé wákàtí kan lójú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì ààbọ̀ tiwa. Mo ní a jẹ́ pé òṣùpá ni àwọn ará Bissonnet ti ra tiwọn. Mo ní láti ṣàlàyé ìyẹn náà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù, ọwọ́ aago wa ń sọ ti Clear Lake, ìlù rẹ̀ ń sọ ti Ìjẹ̀bú-Òde. Àlejò á ka mẹ́wàá ní aago mẹ́ta ọ̀sán, á wo ojú mi, á sì dákẹ́ bí ẹni tó rí àrùn lára ọmọ onílé.

Oṣù kẹta dé. Mo jókòó ní alẹ́ Sátidé, mo fi bírò ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé: Houston á sún síwájú, Nàìjíríà á jókòó síbi tó wà. Bí mo bá yí ọwọ́ gígùn síwájú, ìlù á bá a lọ, Ìjẹ̀bú-Òde á bàjẹ́. Ìlù kò gbọdọ̀ mira. Ọwọ́ kúkúrú nìkan ni kí n sún, ní ààyè kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ nígbésẹ̀-nígbésẹ̀, mo gbé ẹ̀mú sórí rẹ̀, mo ní òwúrọ̀ ni màá ṣe é, lójú mọ́mọ́, lẹ́yìn àdúrà.

Nígbà tí mo jí, òórùn àkàrà ti gba ilé. Mo wọ pálọ̀. Ẹ̀mú wà níbi tí mo gbé e sí, ìwé mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kúkúrú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí mẹ́sàn-án, bí ó ti yẹ, ẹ̀wà lílọ̀ kékeré kan sì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo wo ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyàwó mi kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń da àkàrà sínú epo, ó ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọwọ́ gígùn bọ́ sórí méjìlá. Aago kọ mẹ́rìndínlógún rẹ̀, ó wá lu mẹ́ta. Fóònù dún.

"Àjàní, aago mélòó lù lọ́dọ̀ yín?"

"Mẹ́ta, mà."